Ta Ló Ni Kóòdù? Bí Láísẹ́ǹsì Sọ́fítíwia Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, láti Banex dé Mars

Ẹni tó bá ti ra láptọ́ọ̀pù àlòkù rí ní Banex, ní Wuse 2 l'Ábújá, mọ ìbéèrè tí ọlọ́jà máa ń bi oníbàárà kó tó di ọjà náà fún un: "Ṣé kí n bá yín gbé Windows àti Office sí i?" Bí oníbàárà bá bi í ní iye tó jẹ́, èsì kì í pẹ́ jáde: "Ẹ ṣáà fún mi lówó iṣẹ́ mi. Sọ́fítíwia yẹn, ọ̀fẹ́ ni." Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀dà tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ ni, èyí tí àwọn ọmọ ọjà ń pè ní kíráàkì. Sọ́fítíwia tí èèyàn lè gbà láìsan kọ́bọ̀, tí kò sì jí, wà lóòótọ́, ó tilẹ̀ pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Kì í ṣe owó ló yà á sọ́tọ̀ sí kíráàkì. Ìwé kan tó máa ń tẹ̀ lé e ni, ìwé tí gbogbo wa ń tẹ "I agree" sí láìkà á. Òun ni láísẹ́ǹsì.

Òfin ló bí láísẹ́ǹsì. Ní Nàìjíríà, Òfin Kọpíráìtì ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ka ìwé ìtàn àti ewì. Bí ọmọ Kàbbà kan bá jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Lúgbẹ̀ lálẹ́ òní, tó ń kọ ètò tí yóò máa ṣírò owó àjọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹ̀tọ́ lórí kóòdù náà, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tó ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ti di tirẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò dìgbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀tọ́ náà á wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi máa kú, àwọn ajogún rẹ̀ á sì tún dì í mú fún 70 ọdún lẹ́yìn náà. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dà á kọ, kò gbọdọ̀ yí i padà, kò gbọdọ̀ tà á, àfi bí olóhun bá yọ̀ǹda. Bí olóhun bá wá kọ ìyọ̀ǹda náà sílẹ̀, tó sọ ibi tó dé àti ibi tó mọ, láísẹ́ǹsì nìyẹn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbé iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi láísẹ́ǹsì kankan sí i, wọ́n á ní àwọn ti fún aráyé. Wọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kóòdù tí kò ní láísẹ́ǹsì ló tì pa jù lọ lójú òfin: gbogbo ayé lè rí i, kò sí ẹni tó láṣẹ láti lò ó.

Láísẹ́ǹsì tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni ti ayálégbé. Ẹni tó ti wá ilé rí ní Kubwa tàbí Gwarinpa mọ bó ṣe ń rí: owó ilé níwájú, owó ajẹ́ńtì, owó àdéhùn, lẹ́yìn náà ìwé kan tó ní o ò gbọdọ̀ wó ògiri, o ò sì gbọdọ̀ kó ayálégbé mìíràn sínú yàrá rẹ. Ẹni tó sọ pé òun ra Windows, kò ra Windows. Àṣẹ láti máa gbé inú rẹ̀ ló ra. Èyí tó bá bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mọ́ ara ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n so ó. Bí ẹ̀rọ bá kú, àṣẹ náà bá a lọ. Kóòdù tí àwọn akọ̀wé ètò náà fi ọwọ́ ara wọn kọ, èyí tí èèyàn lè kà, kì í dé ọ̀dọ̀ ayálégbé rárá. Èyí tí wọ́n ti yí sí èdè ẹ̀rọ, òdo àti ení lásán, ló ń rí gbà. Bí àkàrà ló ṣe rí: ó lè jẹ ẹ́ kó yó, ṣùgbọ́n kò lè dá a padà sí ẹ̀wà.

Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn yálé. Ìgbà tí òrùlé bá ń jò, tí onílé ò sì gbé e mọ́, ni ọ̀rọ̀ máa ń di wàhálà.

Irú òrùlé tó ń jò bẹ́ẹ̀ ló bí oríṣi láísẹ́ǹsì kejì. Ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, Richard Stallman, akọ̀wé kóòdù kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí bébà máa ń há sí nínú. Ti tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ní, wọ́n ti tún kóòdù rẹ̀ kọ kó lè máa ké sí wọn bí nǹkan bá há. Ti tuntun yìí, tí ilé iṣẹ́ Xerox fi ta wọ́n lọ́rẹ, kò bá kóòdù wá. Nígbà tí Stallman lọ bá ọkùnrin kan ní yunifásítì mìíràn tó ní kóòdù náà lọ́wọ́, ọkùnrin náà ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dọ́kàn. Ní ọdún 1983 ó kéde iṣẹ́ GNU, láti kọ odindi ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, ní 1985 ó dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀, ní 1989 sì ni láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní GPL kọ́kọ́ jáde.

Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé pé "free" tí òun ń wí kì í ṣe ti owó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kó o sí wàhálà yẹn. Yorùbá ò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀: ọ̀fẹ́ dá yàtọ̀, òmìnira dá yàtọ̀. Òmìnira ni GPL ń sọ, mẹ́rin ló sì kà, bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn oníkọ̀ǹpútà: òmìnira láti lò ó fún ohun tó wu ni, láti ka kóòdù rẹ̀ kí a sì yí i padà, láti dà á kọ fún ẹlòmíràn, àti láti pín èyí tí a ti tún ṣe. Kò sí ibi tó ti ní kí ẹnikẹ́ni má tà á.

Ohun tó mú kí GPL jẹ́ ọgbọ́n ni ọ̀nà tó gbà dáàbò bo òmìnira yìí. Ó ṣe kóòdù bí ilẹ̀ ẹbí. Ọmọ ẹbí lè dáko sórí ilẹ̀ ẹbí, ó lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ kó sì máa pawó. Ohun tí kò lè ṣe ni kó mọ odi yí i ká, kó ní òun nìkan ló ni ín. Ẹni tó bá tún kóòdù GPL ṣe, tó sì fi fún ẹlòmíràn tàbí tà á, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni yẹn náà rí kóòdù gbà lábẹ́ láísẹ́ǹsì kan náà. Ẹni tó bá ń lò ó nínú ilé ara rẹ̀ nìkan kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kóòdù. Kọpíráìtì gan-an ni wọ́n fi ṣe gbogbo èyí: bí kò bá sí ẹ̀tọ́ olóhun, kò sí ohun tí a lè fi de ẹni tó bá fẹ́ mọ odi. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń kàwé ní Helsinki ní ọdún 1991, bọ́ sábẹ́ GPL ní 1992. Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn kan rí i pé Linux ló wà nínú WRT54G, rúta (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì) tí ilé iṣẹ́ Linksys ń tà, wọ́n sì béèrè kóòdù rẹ̀. Linksys gbé e jáde ní 2003. Inú rẹ̀ ni OpenWrt ti hù, sọ́fítíwia tí àwọn onírúta kárí ayé ṣì ń lò títí di òní.

Láísẹ́ǹsì MIT, BSD àti Apache rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀bùn ni wọ́n: gbà á, máa jẹ́ kí orúkọ ẹni tó ṣe é wà lára rẹ̀, bó bá wù ọ́ kí o mọ odi yí tìrẹ ká, mọ ọ́n. Kóòdù BSD wà nínú macOS, ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà tí Apple ń tà lówó gọbọi. Fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ńlá lo iṣẹ́ òun, irú èyí dára. Fún sọ́fítíwia tí wọ́n fi owó ìlú kọ l'Ábújá, ilẹ̀ ẹbí ló bá a mu jù.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ti láptọ́ọ̀pù lọ, ẹni tó bá ń ti pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe bọ̀ sígboro á kọjá lẹ́bàá rẹ̀: Obasanjo Space Centre ní Lúgbẹ̀, ibùjókòó NASRDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú sánmà àti sátẹ́láìtì ní Nàìjíríà. Wọ́n ju sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 sókè láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Surrey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe é. NigeriaSat-X, tó gbéra láti Yasny ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà ló fi ọwọ́ ara wọn tò ó ní Surrey níbẹ̀. Bí sátẹ́láìtì bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó máa gbé e wá sí Banex. Ohun tó bá bàjẹ́ lára irin rẹ̀ ti bàjẹ́: NigComSat-1, tó gòkè ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 nítorí pé ètò tó fi ń gba iná láti ara oòrùn bàjẹ́, kò sì sí kóòdù tó lè jí i. Wọ́n ní láti ju NigComSat-1R sókè dípò rẹ̀ ní 2011. Sọ́fítíwia nìkan ni ọwọ́ ṣì lè tó láti ilẹ̀, nípasẹ̀ rédíò, bí kóòdù bá wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe.

Wo Voyager 1, ọkọ̀ ojú sánmà tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, tí Amẹ́ríkà rán jáde ní 1977. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan. Apá kékeré kan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú, kóòdù tó wà níbẹ̀ sì bá a kú. Ó ti jìn ju kìlómítà bílíọ̀nù 24 lọ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i ń gba wákàtí 22 àti ààbọ̀ kó tó dé, èsì á sì tún gba bẹ́ẹ̀ kó tó padà. Kò sí ibi kan ṣoṣo nínú ìrántí náà tó gba gbogbo kóòdù tó sọnù. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní JPL, ilé ìwádìí NASA tó ń darí rẹ̀, gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n há a sí kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ tó ṣófo, wọ́n sì tún àdírẹ́sì kọ kí àwọn gígé náà lè mọ ibi tí ìyókù wà. Wọ́n fi apá àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2024. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta náà ti ń sọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn. Ayálégbé ò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí láé. Ìwé àti kóòdù wà nílé wọn.

Àmọ́ ṣá o, láísẹ́ǹsì ń fún ni láṣẹ, kì í fún ni ní ìdánilójú. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ti àwọn ará Yúróòpù gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ yángá. Kóòdù tí wọ́n kó láti ara Ariane 4 ló fà á: ó fẹ́ fún òǹkà ńlá kan sínú àyè tí kò gbà ju 32,767 lọ, nítorí pé rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ń yára ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n láṣẹ láti lo kóòdù náà, tiwọn ni. Wọn ò dán an wò bó ṣe yẹ nínú ilé tuntun tó kó lọ. Irú ewu báyìí ló fà á tí ìpínrọ̀ kan fi wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ láísẹ́ǹsì, ti olówó àti ti olómìnira, tí wọ́n sábà máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ: bó o ṣe bá a ni kó o gbà á, bó bá bà ọ́ jẹ́, má bi wá.

Hẹlikópítà kékeré Ingenuity, tí kò wúwo tó kìlógíráàmù méjì, fò lórí Mars ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2021, Linux ló sì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú F Prime, sọ́fítíwia tí JPL kọ, tí wọ́n sì gbé jáde lábẹ́ Apache. GitHub, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn akọ̀wé kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ṣe àmì ẹ̀yẹ sí ojú ìwé àwọn bí ẹgbẹ̀rún 12 ènìyàn tí kóòdù wọn bá a débẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ àwọn ń lọ sí Mars. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó ń gbé níbẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n jẹ ní kóòdù.

Ilé ìwé tó bá fẹ́ gba sọ́fítíwia ìṣirò owó ní Gwagwalada, tó sì mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ lè kó lọ sí Kánádà lọ́dún tó ń bọ̀, lè ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí kóòdù wà lọ́wọ́ lọ́yà tàbí ẹnì kẹta, tí yóò gbé e jáde bí olùtà bá kógbá sílé. Èyí sàn ju kíráàkì lọ, tó jẹ́ pé ẹni tó já àgádágodo náà nìkan ló mọ ohun mìíràn tó kì bọ inú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí láísẹ́ǹsì lójú ara rẹ̀ kò nílò láptọ́ọ̀pù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, títí kan Tecno àti Infinix tó kún ọjà Wuse, kó wọ Settings, kó wá About phone, lẹ́yìn náà kó wá ibi tí wọ́n ti kọ Legal information. Orúkọ tó wà níbẹ̀ á gùn bí ojú irin Kàdúná. Bó bá yí i sísàlẹ̀ dáadáa, á bá GPL ti oṣù kẹfà ọdún 1991, láísẹ́ǹsì Linux kan náà tó lọ sí Mars, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá rẹ̀: NO WARRANTY.