Gíní píìgì nínú ilé

Gíní píìgì, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Cavia porcellus, jẹ́ ẹranko kékeré tí kò ní ìrù, tó ń jẹ koríko. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì wá láti Guinea. Àwọn ará òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ẹran ilé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Cuy ni wọ́n ń pè é ní Peru, jíjẹ ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń sìn ín fún ẹran wà ní Benin àti Togo náà. Bí a bá ń wá ìbátan rẹ̀ nínú igbó tiwa, ọ̀yà ni ká wò, kì í ṣe eku ilé.

Ó máa ń lo ọdún 5 sí 8 láyé. Ẹni tó gbà á fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, kó mọ̀ pé ọmọ náà lè ti wọ yunifásítì kí ẹran náà tó kú.

Kì í dá gbé. Láti ọdún 2008 ni òfin Switzerland ti ka sísin ẹyọ kan ṣoṣo léèwọ̀. Abo méjì ló rọrùn jù, tàbí akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá pẹ̀lú abo. Oyún rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 68; ojú ọmọ ti là, irun sì ti bò ó kó tó wáyé. Akọ tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè fún ìyá rẹ̀ lóyún, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n pẹ́ papọ̀.

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Koríko gbígbẹ kò gbọ́dọ̀ tán níwájú rẹ̀, torí eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun híhù, jíjẹ koríko ló sì ń rẹ́ ẹ. Bíi ti èèyàn, ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀: ó nílò mílígíráàmù 10 sí 30 fún kílò kan ara rẹ̀ lójúmọ́. Ní 1907, Axel Holst àti Theodor Frølich, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Norway, fún un ní ọkà nìkan, àrùn scurvy tí àìtó fítámì C ń fà sì mú un. Èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, oríkèé á wú, kò ní fẹ́ rìn mọ́. Oúnjẹ ehoro kò dí àlàfo yìí. Tàtàṣé tútù díẹ̀ lójoojúmọ́ dára jù ú lọ. Bó bá gbọ́ ariwo ọ̀rá ẹ̀fọ́, á fọn bíi fèrè. Àlùbọ́sà àti píà léwu fún un. Bó bá ń jẹ ìgbẹ́ rẹ̀ tó rọ̀, àìsàn kọ́. Bó ṣe ń da oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀ àgò tó jẹ́ wáyà lásán máa ń dá egbò sí i lẹ́sẹ̀. Ooru tó bá kọjá ìwọ̀n 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè pa á, kí ẹnikẹ́ni má gbé àgò rẹ̀ sábẹ́ páànù gbígbóná lọ́sàn-án.

Oògùn amoxicillin àti ampicillin tí èèyàn ń lò máa ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, ó sì sábà máa ń yọrí sí ikú. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan, dókítà ẹranko ni kí wọ́n gbé e lọ bá lọ́jọ́ náà gan-an.