Bí Differential Equation àti Linear Algebra Ṣe Di Ẹ̀kọ́ Kan Náà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló rò pé torí kí àkókò lè tó ni wọ́n ṣe so differential equation (ìdọ́gba tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà) pọ̀ mọ́ linear algebra (ìmọ̀ nípa ìdọ́gba tó lọ ní ìlà tààrà). Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú differential equation ni èyí tó jinlẹ̀ jù nínú linear algebra ti ṣẹ̀ wá.

Ní 1743, Euler, onímọ̀ ìṣirò, tẹ ọ̀nà kan jáde tí a ṣì ń kọ́ títí dòní. Bí àwọn nọ́ńbà tó wà nínú ìdọ́gba náà kò bá ń yí padà, ẹ gbà pé e^(λt) ni ìdáhùn (t ni àkókò, λ ni nọ́ńbà tí a ń wá), kí ẹ fi í síbẹ̀. Ohun tó máa kù ò ju ìdọ́gba lásán tí a ó fi wá λ.

Lagrange, onímọ̀ ìṣirò bíi ti Euler, ló wá gbé e dé ibi tó le: àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń fa àwọn yòókù, nítorí náà ìdọ́gba kan kò tó; wọ́n pọ̀, wọ́n sì lọ́ mọ́ra. Lónìí, x′ = Ax la máa ń kọ: x ni àkójọ ohun tó ń yí padà, x′ ni bí wọ́n ṣe ń yára yí padà, A sì ni matrix, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí a tò ní ìlà àti òpó. Bí a bá fi x = e^(λt)v síbẹ̀, Av = λv ló máa kù. λ yẹn là ń pè ní eigenvalue: A kàn ń sọ v di ìlọ́po λ. Bẹ́ẹ̀, matrix kò tíì lórúkọ nígbà náà: Sylvester ló sọ ọ́ ní 1850, Cayley sì la ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1858. Ọmọ ti ń sáré kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Abala tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Lagrange gbà pé bí λ méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, t á yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ e^(λt), ohun tó yẹ kó máa mì níwọ̀n á sì máa fẹ̀ sí i láìdúró. Laplace náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1858, Weierstrass fi hàn pé àṣìṣe ni: nínú irú ìṣòro yẹn, tí ìhà méjèèjì matrix ti jọra bí àwòrán inú dígí, t kì í yọjú rárá. Nígbà wo ló wá máa ń yọjú? Iṣẹ́ Weierstrass ní 1868 àti ti Jordan ní 1870 ló dáhùn ìyẹn, Jordan sì fi tirẹ̀ yanjú differential equation lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pàdé Jordan form, ìyẹn ọ̀nà tí Jordan fi kọ matrix kó rọrùn, bí ẹni pé ó ṣàdédé já bọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè nípa ohun tó ń mì ló bí i.

Kíláàsì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Differential equation tẹ̀ lé àwọn ẹnjiníà, ó di àkójọ ọgbọ́n ìṣirò lẹ́yìn calculus. Linear algebra dúró sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ algebra, ó sì pẹ́ kó tó di ẹ̀kọ́ ọdún kejì ní Amẹ́ríkà. Ní 1974, Hirsch àti Smale gbé ìwé kan jáde tó kó méjèèjì pọ̀ mọ́ dynamical systems, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń yí padà bí àkókò ti ń lọ. Lónìí, University of California ní Berkeley ń kọ́ méjèèjì nínú kọ́ọ̀sì kan, Math 54.

Lójú tèmi, x′ = Ax ló yẹ kó ṣáájú, kí determinant (nọ́ńbà kan tí a ń ṣírò láti inú matrix) tó dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí i pé λ tó kéré sí òdo máa ń mú nǹkan rọlẹ̀, pé èyí tó ju òdo lọ máa ń mú un gbilẹ̀, pé èyí tó ní nọ́ńbà i (ìyẹn √−1) nínú máa ń mú un mì lọ mì bọ̀, ti mọ ìdí tí òun fi ń wá eigenvalue.