Bí Ọmọbìnrin Ṣe Ń Ga Lásìkò Ìbàlágà, àti Ohun Tó Ń Dá Gíga Náà Dúró

Tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé lóṣù kẹsàn-án, àwọn aránṣọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ ohun tí ìyá ọmọ máa sọ kó tó là á lẹ́nu: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ọmọ yìí ń ga." Wọ́n á pa íǹṣì méjì tàbí mẹ́ta mọ́ sísàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì, pé kí aṣọ náà lè lo ọdún méjì. Fún ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ìṣirò yẹn máa ń ṣe déédéé. Fún ọmọbìnrin tó ń wọ JSS1, ó sábà máa ń já sí òfo. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, bàtà tuntun á ti há, síkẹ́ẹ̀tì á ti gòkè orúnkún, ìyá á sì máa wo ọmọ tó bí bí ẹni tó ń wo àlejò.

Ọmọ tó ń jẹun, tí àìsàn kò sì dà láàmú, máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga lọ́dún láti ìgbà tó ti kúrò ní ọmọ ìrìnsẹ̀ títí ìbàlágà fi dé. Bí ìbàlágà bá wọlé, eré náà á yí padà. Ní ọdún tó bá le jù, ọmọbìnrin lè fi sẹ̀ǹtímítà 8 ga, àwọn mìíràn a tilẹ̀ tó 9 tàbí 10. Láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ìkókó, kò tíì sí ìgbà tí ara rẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀, kò sì tún ní yára bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Apá kan wà nínú ọpọlọ tó ti dákẹ́ láti kékeré ọmọ. Nígbà tí àkókò bá tó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, òru tí ọmọ bá ń sùn ló sì kọ́kọ́ máa ń rán an jù. Ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà ni ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun náà á tún ránṣẹ́ sí ilé ẹyin, ilé ẹyin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mọ́ùnù tí wọ́n ń pè ní estrogen sínú ẹ̀jẹ̀. Estrogen yìí ló ń mú kí ọmú yọ, òun ló ń fẹ ìbàdí, òun náà ló sì ń mú kí họ́mọ́ùnù ìdàgbà pọ̀ sí i lára. Ìdí nìyẹn tí ọmú àti gíga fi máa ń dé pọ̀.

Eegun gígùn, irú ti itan, ojúgun àti apá, kì í dàgbà láti àárín. Ìpẹ̀kun rẹ̀ ló ti ń gùn. Níbẹ̀, ìlà eegun rírọ̀ kan wà tí kò tíì le. Nínú ìlà yìí ni ara ti ń ṣe eegun tuntun, tí èyí tó ti pẹ́ á máa le, tí tuntun á sì máa tì í lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà rírọ̀ yìí bá ṣì wà, ọmọ ṣì lè ga. Bó bá ti le tán tó sì lẹ̀ pọ̀ mọ́ eegun yòókù, ó parí.

Èyí tó yani lẹ́nu ni pé estrogen tó ń sáré gbé ọmọ ga yìí gan-an ló tún ń ti ìlà náà pa. Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ gbà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni ti ọkùnrin kan tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1994. Ẹni ọdún 28 ni, gíga rẹ̀ sì ti tó sẹ̀ǹtímítà 204, síbẹ̀ ó ṣì ń ga, nítorí pé ara rẹ̀ kò lè gbọ́ ohun tí estrogen ń sọ. Àwọn ọkùnrin pẹ̀lú máa ń ní estrogen lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kéré. Nígbà tí ti ọkùnrin yìí kò rí iṣẹ́ ṣe, eegun rẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣì mú nípa gíga ọmọbìnrin wà níbí yìí. Ọmọ tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tètè parí. Èyí tó ga ju gbogbo kíláàsì lọ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá lè má ga ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà tó bá pé ọdún 18. Ó tilẹ̀ lè kúrú díẹ̀ sí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tì síwájú ìlà lórí pápá ní JSS2 nítorí kúkúrú lè jẹ́ ẹni tí aago ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lù.

Ọmú tó ń yọ ni àmì àkọ́kọ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà láàárín ọdún 8 sí 13. Ẹ wo bí àyè yẹn ti fẹ̀ tó: ọmọ méjì tí wọ́n bí ní ọjọ́ kan náà lè jìnnà síra wọn tó ọdún mẹ́rin nínú ìbàlágà, kí ara àwọn méjèèjì sì dá ṣáká. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ gùn, lẹ́yìn náà itan àti ojúgun, kí àyà àti ẹ̀yìn tó tẹ̀lé wọn. Ìdí tí bàtà fi máa ń há kí aṣọ tó kéré nìyẹn, tí ọmọ náà á sì rí ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n yá ní ẹsẹ̀.

Nǹkan oṣù kì í dé níbẹ̀rẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọdún méjì tàbí méjì ààbọ̀ lẹ́yìn tí ọmú bá ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé, nígbà yẹn, ọdún tí ọmọ yára ga jù ti kọjá. Lẹ́yìn nǹkan oṣù àkọ́kọ́, gíga tó kù fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lọ, wọ́n á sì rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láàárín ọdún méjì. Ìyá tó ń sọ pé "Jẹ́ kó rí nǹkan oṣù ná, ìgbà yẹn lá máa ga" ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣe iwájú.

Ti àwọn ọmọkùnrin yàtọ̀. Ìgbà tí àwọn ń yára ga máa ń pẹ́ ju ti obìnrin lọ ní bí ọdún méjì. Nínú òǹkà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń wo ìdàgbà ọmọ, ọmọbìnrin ọdún 12 tó wà láàárín ga tó sẹ̀ǹtímítà 151, ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 149. Tó bá di ọdún 14, obìnrin wà ní 160, ọkùnrin ti dé 163, ó sì ń lọ. Nítorí náà, kíláàsì JSS1 tí àwọn ọmọbìnrin ti ń wo àwọn ọmọkùnrin láti òkè kì í ṣe nǹkan tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́ ọmọ lára.

Báwo ló ṣe wá ń rí lára àwọn òbí? Oríṣiríṣi ni. Àwọn kan ń yọ̀: wọ́n bí àgùntáṣọọ́lò, ìyá ń bá ọmọ pín bàtà, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Ṣé kí n máa kúnlẹ̀ kí ẹ ni?" Ṣùgbọ́n ìyá kan náà á rí i pé ọmọ tó ń bá wí ti ga jù ú lọ, pé òun ní láti gbójú sókè kí òun tó lè la ojú mọ́ ọn, ohun kan á sì ṣe é nínú. Bàbá tó máa ń gbé ọmọ kọ́ ọrùn lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, kò ní mọ bí yóò ṣe bá a ṣeré mọ́. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n lára, kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti ìta. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ga bí ẹni ọdún 16 ni onímọ́tò ń gba owó àgbà lọ́wọ́ rẹ̀, ni àwọn olùkọ́ ń retí ọgbọ́n àgbà lọ́dọ̀ rẹ̀, ni àwọn ọkùnrin tí ojú kì í tì ń pè ní "ìyàwó mi" lójú títì. Ìbẹ̀rù ìyá níbẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Àmọ́ ọmọ ni ìbínú máa ń já lé lórí: wọ́n á ní ọmú yẹn kò lè ṣàdédé yọ, ó ní láti jẹ́ pé ó ti ń bá ọkùnrin ṣeré. Irọ́ pátápátá ni. Kò sí ọwọ́ ọkùnrin tó ń jí ọpọlọ ọmọ sí ìbàlágà. Ara ló ń dá a ṣe, bí ọdún ọmọ kò bá sì tíì pé 18, ọmọdé ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 pè é, bó ti wù kó ga tó. Àwọn tó ń pè é ní ìyàwó ló yẹ kí wọ́n gbọ́ ìbáwí.

Ohun mìíràn tún ni pé ìyá máa ń fi ọdún tirẹ̀ ka ọdún ọmọ. Ìyá àgbà á ní òun ti pé ọdún 16 kí òun tó rí nǹkan oṣù, ìyá á ní 14, ọmọ wá rí i ní 11, ẹ̀rù á sì ba gbogbo ilé. Oúnjẹ àti ìlera wà lára ohun tó fà á. Ní ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú, ọdún tí obìnrin ń rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ lọ sílẹ̀ gan-an láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún sí ogún, bí oúnjẹ ṣe ń dára tí àìsàn sì ń dín kù. Ọmọ tó sanra díẹ̀ sábà máa ń tètè bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ebi ń pa, tàbí tí àìsàn kò fi lọ́rùn sílẹ̀, máa ń pẹ́. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára àwọn tó sábà ń pẹ́, nígbà mìíràn fún ọdún kan tàbí méjì, nítorí náà kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é tó bá ṣì kéré láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Oúnjẹ ni òbí lè fọwọ́ kàn jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń ki Ògbómọ̀ṣọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn jà sí i, ṣùgbọ́n ọkà àti ẹ̀kọ nìkan kò lè ṣe eegun. Gbẹ̀gìrì tí wọ́n bù lé ọkà náà lórí lágbára jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ẹ̀wà ni. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, ẹyin, ẹja àti sóyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àṣà tí a ń fi ń gé ẹran tó kéré jù fún ọmọ, tí a tún ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè, ló yẹ ká pa tì lásìkò yìí gan-an. Ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù tún nílò oúnjẹ tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun: ẹ̀fọ́, ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà. Aràn inú náà máa ń bá ọmọ pín ohun tó bá jẹ, oògùn rẹ̀ kò sì wọ́n.

Ti pé wọ́n ré ọmọ kọjá nílẹ̀ ni kò jẹ́ kó ga, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹrù tí ọmọ ń rù sórí nínú ilé kì í dá eegun dúró. Ebi tó bá ẹrù náà rìn ló ń ṣe é. Àwọn oògùn gíga tí wọ́n ń polówó lórí fóònù kò lè ṣí ìlà tó ti pa. Àwọn òbí ilẹ̀ òkèèrè náà ti ṣe aṣìṣe tó jọ ọ́ ní òdì kejì: láti àwọn ọdún 1950, ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, wọ́n fún àwọn ọmọbìnrin tó ga ní estrogen púpọ̀ kí eegun wọn lè tètè pa, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn kò ní rí ọkọ. Nígbà tí wọ́n tọpa àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àtilóyún nira fún wọn ju fún àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò lò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú díwọ̀n ibi tí ọmọbìnrin lè ga dé lè ro gíga bàbá pọ̀ mọ́ ti ìyá, kó yọ sẹ̀ǹtímítà 13 kúrò, kó sì pín in sí méjì. Bàbá tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 175 àti ìyá tó ga ní 160 ń retí ọmọbìnrin tó yí 161 ká, ṣùgbọ́n 153 tàbí 169 kì í ṣe ohun ìjayà. Àtiwọ̀n ọmọ sì nílò ọgbọ́n díẹ̀: kó bọ́ bàtà, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, kí wọ́n má wọn irun ṣùkú mọ́ ọn, kó sì jẹ́ àsìkò kan náà lójúmọ́, nítorí àárọ̀ èèyàn máa ń ga ju ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó.

Bí ọmú bá yọ kí ọmọ tó pé ọdún 8, tí kò bá tíì yọ rárá ní ọdún 13, tí nǹkan oṣù kò bá tíì dé ní ọdún 15, tàbí tí ọmọ kò ga tó sẹ̀ǹtímítà 4 ní odidi ọdún kan kí ìbàlágà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, dókítà ọmọdé ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ LAUTECH àti ti Bowen wà nínú ìlú. Dókítà máa ń ní kí wọ́n ya X-ray ọwọ́ òsì àti ọrùn ọwọ́ ọmọ, nítorí eegun kéékèèké ibẹ̀ máa ń sọ iye ọdún tí ara ti lò, èyí tó lè yàtọ̀ sí iye ọdún tó wà nínú ìwé ìbí. Ọmọ ọdún 13 tí eegun rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọdún 11 ṣì ní ọ̀nà láti rìn. Èyí tí eegun rẹ̀ ti jẹ́ 15 kò ní ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ mọ́, kí òbí rẹ̀ sì má ná owó lórí oògùn gíga.