Kí ni igi kajú ní í ṣe pẹ̀lú ìṣirò? Ìbéèrè àwọn òbí lórí lílọ ọmọ sí ọgbà ewéko

Bí ilé-ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo ọgbà ewéko, ìbéèrè àwọn òbí kì í jìnnà síra wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Kí ni ọgbà ewéko fi yàtọ̀ sí igbó ẹ̀yìnkùlé wa?

Nínú ọgbà ewéko, wọ́n mọ igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ibi tó ti wá, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sídìí rẹ̀, torí ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe gbìn ín. Irú rẹ̀ ti wà ní Padua, lórílẹ̀-èdè Ítálì, láti ọdún 1545. Ewé oògùn ni wọ́n gbìn síbẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè máa dá wọn mọ̀. Èyí tí a lè dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọmọ mi ń múra kọ́mọ́n ẹ́ńtíráǹsì. Ṣé igi ni wọ́n máa bi í ni?

Wọn ò ní bi í ní igi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú kajú nìkan, tí kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ fún ọmọ ní kajú kan, kó fi èso rẹ̀ hàn yín. Yóò nàka sí èyí tó pupa, tí a ń fún omi rẹ̀ mu. Kì í ṣe òun. Kóró tó so rọ̀ nísàlẹ̀, tó ká kò bíi kíndìnrín, òun gan-an ni èso. Ọrùn tó fi rọ̀ mọ́ ẹ̀ka ló wú di èyí tó pupa tí a ń jẹ yẹn. Sáyẹ́ǹsì ti wọlé. Bùràsíìlì ni wọ́n ti bí igi náà, àwọn Potogí ló gbé e sọdá òkun wá sí Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Ìtàn àti jọ́gíráfì náà ti dé.

Ó wá ku ọjà. Kóró kajú kílò mẹ́rin tí ìyá kan tà, bí wọ́n bá là á tán, ohun tó ṣeé jẹ nínú rẹ̀ kì í sábà ju bíi kílò kan lọ. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èèpo? Kí ló sì dé tí a fi ń kó tèèpo-tèèpo rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Vietnam àti Íńdíà kí wọ́n tó là á? Èyí àkọ́kọ́, ọmọ á ṣe é. Èkejì, ẹ bá mi bi àwọn ìjòyè ìjọba.

Ṣé a lè fi máńgòrò ṣe é?

Ẹbí kan náà ni máńgòrò àti kajú. Ìdí nìyẹn tí oje máńgòrò fi ń bó ẹlòmíràn lẹ́nu, tí oje èèpo kóró kajú sì ń bó ọwọ́. Olùkọ́ tó bá jẹ́ kí ọmọ fi eyín fọ́ kóró kajú tútù, kó lọ ṣàlàyé fún ìyá ọmọ.

Ìṣirò gidi ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn gíga igi láìgun igi. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ ṣánṣán, kó yọ mítà kan sókè, kí ẹ wọn òjìji rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ẹ wọn òjìji igi náà, kí oòrùn má baà ti yí. Bí ti ọ̀pá bá jẹ́ mítà 1.5, tí ti igi jẹ́ mítà 18, igi yẹn ga tó mítà 12. Etí ibòòji ni àwọn ọmọ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n; ìdí igi gan-an ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dára. Lọ́sàn-án gangan, òjìji orí igi á ti sá wọ abẹ́ ẹ̀ka.

Yorùbá ńkọ́?

Ìtàn ìlú wa ní ìdí igi àjàgbọn ni Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, tẹ̀dó sí. Bí wọ́n bá dé ìdí àjàgbọn, kí ọmọ kan dìde kó pìtàn náà. Igi ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn ní tirẹ̀.

Igi mélòó ló yẹ kí wọ́n wò?

Mẹ́ta ti tó. Ohun tó ń ba ìrìn yìí jẹ́ ni kí wọ́n máa sáré láti igi dé igi, kí wọ́n máa da orúkọ Látìnì kọ. Ó sàn kí wọ́n lo ìdajì wákàtí lọ́dọ̀ patanmọ́. Bí ọmọ bá fọwọ́ kàn án, omi inú sẹ́ẹ̀lì ìdí ewé á sá kúrò, ewé á pa dé. Kí ọmọ kejì di aago mú, kó kọ ìṣẹ́jú tó fi ṣí padà. Dájúdájú, ẹnì kan á tún tọ́ ọ kó tó ṣí, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un kà.

Owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn ti le jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà ilé-ìwé. Kò ní ṣàì sí dóńgóyárò tàbí máńgòrò níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ bi ìyá àgbà nílé ní orúkọ ewéko kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sára pákó, kí orúkọ ti sáyẹ́ǹsì tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ìṣó kan pákó náà mọ́ ara igi o: igi ń sanra, á gbé e mì. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀.