Ọmọ Ogun Tí Kì Í Sùn

Láàárín oṣù kan, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n gbé wá bá èmi dókítà ọmọdé ní Akúrẹ́ níbí pẹ̀lú gbẹ́rẹ́ lọ́rùn. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún 6 láti apá Ìdànrè. Kókó mẹ́rin tò sábẹ́ etí rẹ̀, gbẹ́rẹ́ 11 wà lórí wọn, méjì ti ń ṣọyún. Nínú báàgì ìyá rẹ̀ ni mo ti rí ìgò oògùn kan tí wọ́n rà nínú mọ́tò, tí wọ́n ní ó ń fi kún agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn. Oṣù mẹ́ta lọmọ náà ti ń mu ún, òtútù àyà sì ti dá a dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ “fífi kún agbára ara” yìí ti sú mi. Gbogbo alágbo ló ń polongo rẹ̀. Ṣé ẹ ti béèrè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí agbára náà bá pọ̀ jù?

Jíìnì kan, ìyẹn ìtọ́ni àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, wà tó ń jẹ́ PIK3CD. Òun ló ń darí bí ara ṣe ń ṣe èròjà kan tó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní kinase, p110δ, tó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ sí jù. Bí kòkòrò àrùn bá ti fara kan sẹ́ẹ̀lì lóde, kinase yìí á lẹ fọ́sífétì mọ́ ọ̀rá kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì náà nínú. Àmì ogun nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì á gbáradì, á pọ̀ sí i, á jà. Bí ogun bá tán, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ PTEN á yọ fọ́sífétì náà kúrò, kí wọ́n lè sinmi.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn mìíràn ní Bethesda ní Amẹ́ríkà rí ohun kan náà: àwọn ìdílé kan wà tí lẹ́tà kan ṣoṣo yí padà nínú jíìnì yìí, tí kinase wọn kò sì mọ ìgbà tógun tán. APDS ni wọ́n ń pe àrùn náà. Ẹ wo ọdẹ àdúgbò tí kò sùn lóru, tí kò sùn lọ́sàn-án, tó ń fọn fèrè sí ewúrẹ́. Lọ́jọ́ tí olè gidi bá dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í gbé e mọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì T wọn, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀, ṣe ń darúgbó láìtọ́jọ́ nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì B, tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, kì í sì gbó dáadáa. Òtútù àyà á máa padà wá, etí á máa ṣọyún, ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró á fẹ̀, kò sì ní í padà sípò mọ́. Kókó á yọ lọ́rùn, ọlọ inú á le lábẹ́ ìhà òsì. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ á bẹ̀rẹ̀ nínú kókó náà.

Agbára ló pọ̀ jù lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí wá ni alágbo fẹ́ fi kún un?

Kì í sì í ṣe pé ká kàn pa kinase náà. Oògùn idelalisib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2014 fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ń dí i lọ́wọ́, ó sì ba ẹ̀dọ̀ àti ìfun àwọn aláìsàn kan jẹ́. Oògùn mìíràn, leniolisib, ni wọ́n fọwọ́ sí fún APDS ní oṣù kẹta 2023, fún ẹni ọdún 12 sókè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọrùn, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. APDS ṣọ̀wọ́n. Eyín tó jẹrà, ọ̀fun tó ń dunni, egbò orí àti ikọ́ ife ló wà nídìí ọ̀pọ̀ kókó tí mò ń rí. Ọdún 19 ni mo ti fi ń tọ́jú ọmọdé. Bí mo bá fìka kàn án, mo mọ èyí tó ń yí kiri bí ẹ̀pà, mo mọ èyí tó le bí òkúta, mo mọ èyí tó so mọ́ra wọn bí ìdì èso. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ gbé abẹ sí i láìtíì yẹ ẹ̀jẹ̀ àti àyà wò. Kókó ikọ́ ife tí wọ́n bá là lálàkalà, ojú rẹ̀ lè máa ṣomi fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, kí ló ń fi abẹ wá níbẹ̀?

Ohun kan tún kù. APDS kò dà bí SS tó ń fẹ́ kí bàbá àti ìyá jọ gbé e wá. Òbí kan tó, oyún kọ̀ọ̀kan sì dà bí ìgbà tí a ju kọ́bọ̀ sókè: ọmọ lè gbà á, ó lè má gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè ẹni tó ń wúkọ́ nílé.

Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà ọmọ Ìdànrè yẹn, ó mí kanlẹ̀. “Ikọ́ ìran wa ni, Dókítà. Òkè àdúrà mẹ́ta la ti gùn nítorí ẹ̀.”

“Ta ló ń wú u báyìí, Màmá?”

Màmá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Gbẹ́rẹ́ àtijọ́ wà lábẹ́ etí tirẹ̀ náà, ó ti pẹ́ débi pé ó ti bá awọ dọ́gba. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi gbé ọmọ rẹ̀ káàkiri, kò sẹ́ni tó wo ọrùn rẹ̀. Mo ní kó wọlé, kó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.