Kẹ́ ẹ tó tún Linux yẹn fọ́ọ̀mátì, ẹ wo aago ẹ̀ ná

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló ti gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè Fíà, l'Óṣogbo, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Bọ̀ọ̀dá, Linux tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, Firefox ẹ̀ ò ṣí nǹkan kan." (Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows; Firefox ni bráwúsà, èyí tá a fi ń ṣí sáìtì.) Mo bi wọ́n pé kí ni aago ibẹ̀ ń sọ, wọ́n kàn ń wò mí ni.

Pé kí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé, mi ò ní sọ ìyẹn fún àgbàlagbà. Tó bá jẹ́ Ubuntu, irú Linux kan, láti ẹ̀dà 21.10 ni Firefox ẹ̀ ti ń wá bíi snap, ìyẹn ètò tí wọ́n di pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò, tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i ó lè pẹ́, ẹ ní sùúrù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹni tó bá sì fẹ́ Chrome, fáìlì .deb ni kó gbà, ti Windows ni .exe.

Aago ni mo ń bọ̀ sí. Gbogbo sáìtì tó bá ní https ló ní ìwé ẹ̀rí tó máa fi han bráwúsà kó tó wọlé, ọjọ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí wà lára ẹ̀, inú aago kọ̀ǹpútà yín ni bráwúsà sì ti ń wo ọjọ́ òní, kì í bi ẹlòmíì. Tí ẹ̀rọ yín bá ní ọdún 2022 la wà, ìwé tí wọ́n gbà lóṣù tó kọjá, lójú bráwúsà, wọn ò tíì kọ ọ́. Ló bá gbé "Warning: Potential Security Risk Ahead" síta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ Accept the Risk kẹ́ ẹ wá lọ fi password báńkì síbẹ̀, torí bí ayédèrú sáìtì bá dé lọ́jọ́ kan, ìkìlọ̀ kan náà lẹ lè rí, ọwọ́ yín á sì ti mọ́ ọn.

Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì, CR2032, volt 3, òun ló ń tọ́jú àkókò tí láptọ́ọ̀pù bá kú, ti tòkunbọ̀ sì sábà máa ń ti lọ. Linux lè gba àkókò fúnra ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi tẹ́nì kan bá pa á. Ẹ ṣí terminal, ojú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ timedatectl. Tí "System clock synchronized" bá ní no, ẹ tẹ sudo timedatectl set-ntp true. Kí time zone jẹ́ Africa/Lagos.

Àwọn tó ń sọ pé "Linux ò gba nẹ́tíwọ̀kì Nàìjá" yẹn ló ń bí mi nínú. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò fọ́ọ̀mátì ẹ̀rọ ẹnì kankan rí tìtorí bráwúsà. Ìyá alájọ kan ní Ọjà Ọba, ọmọ ẹ̀ fi Linux Mint sí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ fún un, gbogbo àkọsílẹ̀ àjọ ọdún kan ló wà níbẹ̀. Bráwúsà kọ̀, aládùúgbò ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí kíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ni ọ̀gbẹ́ni kan gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ́ọ̀mátì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pa àkókò tí ẹ̀rọ ń gbà fúnra ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ tẹ déètì tí kò tọ̀nà sí i. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, mo yọ bátìrì yẹn, mo fi mítà sí i, volt 1.1. Mo pààrọ̀ ẹ̀, mo tan gbígba àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì padà, Firefox ṣí kí màmá tó jókòó dáadáa. Àkọsílẹ̀ àjọ ò padà o. Láti ilé dé ilé ni wọ́n ti ń gba káàdì àwọn tó ń dájọ báyìí, wọ́n ń tún un kọ lọ́kọ̀ọ̀kan.