Òkúta abẹ́ ẹ̀fọ́: ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Lin Kuo-hua àtàwọn àgbẹ̀ Taiwan

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbọ́ ọ pé ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1988, àwọn àgbẹ̀ Yunlin, agbègbè kan ní Taiwan, di òkúta sábẹ́ ẹ̀fọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì gbé e wọ Taipei, olú-ìlú ibẹ̀, kí wọ́n lè fi bá ọlọ́pàá jà. Ọlọ́pàá ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn oníròyìn gbé e káàkiri, ni ìtàn náà bá lẹ̀ mọ́ Lin Kuo-hua, olórí ìwọ́de ọjọ́ náà.

Òkúta fò ní Taipei lóòótọ́, èmi ò ní jiyàn ìyẹn. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé ṣé láti oko ni wọ́n ti dì í wá. Àwọn olùkọ́ yunifásítì àtàwọn onímọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé ẹ̀sùn pé àgbẹ̀ kó òkúta wá láti Yunlin kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Irọ́ yìí dùn mí torí ohun tó bò mọ́lẹ̀. Ìjọba ń ṣílẹ̀kùn fún èso àti ẹran tòlótòló Amẹ́ríkà, ọjà àwọn àgbẹ̀ ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Òfin ológun tó ti wà nílẹ̀ láti 1949 ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní oṣù Keje 1987 ni, wọ́n wá rí àyè sọ tẹnu wọn. Wọ́n fẹ́ adójútòfò fún gbogbo àgbẹ̀ àti ìdílé wọn. Wọ́n fẹ́ kí títà àti ríra ajílẹ̀ bọ́ kúrò lọ́wọ́ àkóso ìjọba, kí ìjọba fi kún owó tó fi ń ra ìrẹsì wọn, kó sì dá iléeṣẹ́ mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ta ló máa ń di òkúta lọ béèrè adójútòfò? Àmọ́ tí wọ́n bá ti pè ọ́ ní ẹni tó gbèrò ìjà látilé, kò sẹ́ni tó tún máa bi ọ́ pé kí lo wá béèrè.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó wọ òru. Wọ́n kó èèyàn tó lé ní 100, Lin sì ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó yá, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yẹn kan náà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú DPP.

Adójútòfò ìlera àwọn àgbẹ̀ di òfin ní 1989. Iléeṣẹ́ mínísítà tí wọ́n béèrè, ọdún 2023 ló tó dé.